Orúkọ Ọmọ ni Ìjánu Ọmọ, ti Kọ̀ǹpútà Ńkọ́?

Àwọn àgbà ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Bí Àlàní bá fẹ́ ya ìpáǹle, wọn a pe orúkọ àbísọ rẹ̀, wọn a fi oríkì lé e, ara rẹ̀ a sì wálẹ̀. Kọ̀ǹpútà náà ní orúkọ. Iléeṣẹ́ tó ṣe é ló sọ ọ́, kò dúró de ọjọ́ kẹjọ. Ta ló wá mọ̀ ọ́n nínú wa?

Ẹ yà sí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì ní Ìjànikin, nítòsí ilé ẹ̀kọ́ tí a ń pè ní Adéníran Ògúnsànyà kí ìjọba tó sọ ọ́ di yunifásítì lọ́dún 2022. Mọ̀mọ́ kan gbé láptọ́ọ̀pù lé itan, ó di fóònù mọ́ etí, atúnṣe ń bi í léèrè.

"Mà, irú láptọ́ọ̀pù wo lẹ ń lò?"

"Dúdú ni."

"Mo ní orúkọ rẹ̀, mà."

"Èyí tí ọmọ mi rà ránṣẹ́ láti London nù un."

"Ṣé Windows 10 ló wà nínú rẹ̀ àbí 11?"

"Èyí tí gbogbo ayé ń lò yẹn ni."

Atúnṣe yẹn kì í ṣe olófòófó. Láti ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft ti jáwọ́ nínú ìtọ́jú Windows 10, oògùn tó wo ọ̀kan lè má ran èkejì. Dell méjì sì lè jọra bí ìbejì, kí bátìrì ọ̀kan má wọ inú èkejì.

Bẹ́ẹ̀ orúkọ ọ̀hún kò fara sin. Ẹ dojú láptọ́ọ̀pù délẹ̀, ẹ wo ìdí rẹ̀. Dell a máa kọ Service Tag síbẹ̀, lẹ́tà àti nọ́ḿbà, méje péré. Bó bá ti pa rẹ́, ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows mọ́ R, ẹ kọ msinfo32, ẹ tẹ Enter: irú ẹ̀rọ àti Windows tó wà nínú rẹ̀ yóò yọjú. Ti HP tún yá, Fn pẹ̀lú Esc. (Ẹni tó ra tòkunbọ̀ kó má gba bébà ìdí gbọ́ jù o, wọ́n ti lè yọ ìdí ọ̀kan fi ṣe òmíì. Ohun tí ẹ̀rọ bá fẹnu ara rẹ̀ sọ ni kó dìmú.)

Mọ̀mọ́ yìí kan náà ni àjèjì yóò pè lọ́la pé, "Láti báǹkì yín ni, mà," tí Mọ̀mọ́ yóò sì ka nọ́ḿbà BVN rẹ̀ mọ́kọ̀ọ̀kànlá láìwo ìwé. Yóò fi PIN lé e. Yóò tún bẹ onítọ̀hún pé kó má tíì pa fóònù, OTP ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. BVN ti wà láti ọdún 2014, báǹkì kò sì yéé kìlọ̀ pé àwọn kì í béèrè PIN lórí fóònù. Ìjánu tó yẹ ká dì mú la fà lé olè lọ́wọ́, èyí tó yẹ ká fún atúnṣe la ò mọ ibi tó wà.

Kí olè ṣáà má béèrè irú kọ̀ǹpútà tí a ń lò. Ibẹ̀ nìkan ni yóò ti pòfo.