Ìjàpá Alága Ìjókòó

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóó, kò balẹ̀ sí Igbó-Ọrà, kò balẹ̀ sí Èrúwà, ìsàlẹ̀ Òkè Ìdèrè ló balẹ̀ sí. Ó dá lórí Ìjàpá tìrókò, ọkọ Yánníbo, tí àwọn ẹranko fi ṣe alága ìjókòó wọn.

Ní ìgbà kan, ọ̀dá dá ní gbogbo Ìbàràpá méjèèje. Odò kéékèèké gbẹ, ó wá ku adágún kan ṣoṣo tí gbogbo ẹranko agbègbè Ìdèrè ń mu. Ni wọ́n bá ní ó tó kí adágún náà ní olórí, ẹni tí yóò máa pín omi, tí yóò sì kó gbogbo wọn jọ gbẹ́ kànga. Ẹni méjì ló jáde pé àwọn fẹ́ ṣe é, Erin àti Ẹfọ̀n. Erin ní bí wọ́n bá yan òun, omi ẹ̀rọ yóò dé ẹnu ihò òkété kọ̀ọ̀kan. Ẹfọ̀n ní kí ni wọ́n ń pè ní omi ẹ̀rọ, òun yóò fa odò Ògùn fúnra rẹ̀ wá sí ìdí ìrókò.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ọjà ni wọ́n máa ń pàdé nídìí ìrókò láti jíròrò. Ìjíròrò wo! Bí Òyà bá bèèrè ibi tí owó kànga yóò ti wá, àwọn ará ẹ̀yìn Erin a ní ìran Òyà kò mọ̀ ju ká jẹ ẹ̀gẹ́ olóko lọ. Bí Ìgalà bá yin Ẹfọ̀n, wọn a bi í pé ta ni bàbá rẹ̀. Odídẹrẹ́ kì í la ẹnu kó má fi "wọ́n ní" ṣíwájú: wọ́n ní Erin ti ta adágún fún àwọn ọdẹ, wọ́n ní Ẹfọ̀n kì í ṣe ọmọ ibí, wọ́n ní, wọ́n ní. Ọ̀wàwà ní tirẹ̀, ọ̀gànjọ́ òru tí gbogbo ayé ti sùn ló máa ń rọ̀jò èébú láti orí igi. Ìgbín a wọ inú ìkarahun lọ, a sọ òkò ọ̀rọ̀, wọn a máa wá ẹni tó sọ ọ́. Agẹmọ, tó bá jókòó ti Erin, a gba àwọ̀ Erin. Tó bá sún kẹ́rẹ́ sọ́dọ̀ Ẹfọ̀n, a pọ́n rúsúrúsú. Ní ọjọ́ tí Ẹfọ̀n fi ìwo ya Ẹtu ní ìbàdí nítorí ìbéèrè lásán, àwọn àgbà ẹranko ní ó tó gẹ́ẹ́, àwọn fẹ́ òfin, àwọn sì fẹ́ ẹni tí yóò dúró tì í.

Ìjàpá bọ́ síwájú. Ó dọ̀bálẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdọ̀bálẹ̀ Ìjàpá kò yàtọ̀ sí ìdúró rẹ̀.

"Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa," ó ní, "èmi kò bá Erin tan, èmi kò bá Ẹfọ̀n tan. Mi ò lẹ́gbẹ́, mi ò lọ́gbà. Ilé mi, ẹ̀yìn mi ló wà. Kò sí ẹni tó lè fi ilé tàn mí jẹ. Ẹ fi mí ṣe alága."

Kó tó wá ló ti ní kí Yánníbo ro àmàlà, kó sì se ọbẹ̀ ìlasa tí wọ́n tú ẹ̀gúsí sí. Bí wọ́n ti ń jẹun ló ń ka òfin sí wọn létí. Èkíní, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bú ìran ẹnìkejì. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni kó dá lóhùn. Èkejì, ẹni tó bá wí pé "wọ́n ní" gbọ́dọ̀ mú ẹni tó ní i wá. Ẹ̀kẹta, ẹnì kan ni yóò máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀kẹrin, ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ yọ orí síta kí wọ́n rí ojú rẹ̀. Ẹni tó bá rú òfin, ewé ni wọn yóò fi dí i lẹ́nu.

Wọ́n pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta wọ́n. Òfin náà dára, ká má purọ́. Àwa èèyàn gan-an ì bá yá a lò. Ìgbà tí Ìjàpá dé ìkarùn-ún, tó ní "Alága nìkan ló mọ ohun tí òfin mẹ́rin wọ̀nyí ń wí," ìgbà náà ni wọ́n ń fi ìka nu àwo. Kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ àfi Aparò, tí àwo tirẹ̀ kò tíì dé.

Ọjọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, Ọ̀wàwà la ẹnu, èébú jáde. Ìjàpá gbé ewé sókè, ó dá orin:

Lílé: Ta ló ń fọhùn tí n kò rán níṣẹ́?
Ègbè: Ewé ń bẹ lọ́wọ́ Alága.
Lílé: Ẹnu tó bá yà ju tèmi lọ ńkọ́?
Ègbè: Ewé ń bẹ lọ́wọ́ Alága.
Lílé: A ó dí i pa, a ó sì so ó pọ̀.
Ègbè: Ewé ń bẹ lọ́wọ́ Alága.

Gbogbo igbó ló gbè é. Wọ́n dí Ọ̀wàwà lẹ́nu, wọ́n jó, oorun sì padà sójú àwọn ẹranko lóru ọjọ́ náà. Odídẹrẹ́ kò rí ẹni tó ní "wọ́n ní" rẹ̀ mú wá. Wọ́n dí òun náà lẹ́nu, wọ́n tún jó. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ fi etí sí i níbí: ara ẹni tí kò sẹ́ni tó fẹ́ràn rẹ̀ ni alágbára ti máa ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dí ẹnu.

Erin wo ọ̀rọ̀ náà títí. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ó fi ẹrù iṣu ránṣẹ́ sí Yánníbo, ó ní kí wọ́n fi ṣe sàráà. Láti ọjọ́ náà ni etí Alága ti ń gbọ́ èébú nínú gbogbo ohun tí ará ẹ̀yìn Ẹfọ̀n bá sọ. Ìgalà ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o." Ìjàpá ní ó ń fi Erin ṣe yẹ̀yẹ́ ni, pé oòrùn rẹ̀ ti ń wọ̀. Ewé! Òyà bèèrè iye kànga tí wọ́n ti gbẹ́. Ìjàpá ní nígbà tí kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé wọn ò tíì gbẹ́ kankan, èébú ni ìbéèrè náà. Ewé! Aparò ní iṣu tí àwọn dá jọ fún àwọn agbẹ́kànga, òun rí i lẹ́yìnkùlé Yánníbo.

"Ta ló sọ fún ọ?" ni Ìjàpá bi í.

"Ojú mi ni, Alága."

"Pe ojú rẹ kó wá jẹ́rìí. Kó dìde, kó wí tẹnu rẹ̀."

Ojú Aparò kò lè fọhùn. Òfin kejì mú un. Ewé!

Ìgbín sọ̀rọ̀ láti inú ìkarahun. Ìjàpá, tí orí tirẹ̀ wà nínú ilé lọ́hùn-ún, pariwo pé kó yọ orí síta.

"Alága ńkọ́?" ni Ìgbín wí.

"Alága kọ́ ló ń sọ̀rọ̀," ni Ìjàpá fèsì. "Òfin ló ń gba ẹnu rẹ̀ jáde." Ewé!

Orin kan náà ló ń dá lọ́jọọjọ́ ọjà, ṣùgbọ́n ègbè ń rù. Nígbà tó yá, Àgùntàn àti Agẹmọ nìkan ló kù tó ń gbè é. Ìjókòó wá tòrò minimini. Erin di olórí adágún láìsí ẹni tó bá a dù ú. Àwọn ẹranko Táápà àti Àyétẹ̀ wá wò ó, wọ́n ní àwọn kò rí ibi tí wọ́n ti ń fi pẹ̀lẹ́tù ṣe òṣèlú báyìí rí. Agẹmọ ló gbà wọ́n lálejò.

Bẹ́ẹ̀, Aparò ní ọ̀rọ̀ mìíràn nínú tó ju ọ̀rọ̀ iṣu lọ. Orí òrùlé télọ̀ kan nílùú Ìdèrè ló ti gbọ́ ọ. Ní ìgbà náà, lẹ́yìn 1980, sòbìà ń dá àwọn ará Ìdèrè dùbúlẹ̀ ní àkókò iṣẹ́ oko gan-an, tí àgbẹ̀ kò lè gbé ẹsẹ̀ dé oko, tí ọmọ kò lè rìn dé ilé ìwé. Àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n ti ní ètò ìlera Ìbàràpá ní Igbó-Ọrà láti 1963, ń bá ará ìlú sọ ọ́ pé kòkòrò tíntìntín inú omi adágún ló ń gbé sòbìà wọ ikùn. Pé yóò lo nǹkan bí ọdún kan lára kó tó yọ. Pé ẹni tó bá ń yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ odò. Pé kí oníkálukú fi asẹ́ sẹ́ omi kó tó mu ún. Àwọn télọ̀ ìlú ló ń rán asẹ́ náà. Aparò gbọ́ ọ tán, ó fò padà wá sídìí ìrókò, ewé sì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó fi apá júwe, ó fi ẹsẹ̀ júwe. Ìjàpá ní ó ń jó láìgba àṣẹ.

Ọdún yípo. Sòbìà yọ. Ó yọ lẹ́sẹ̀ Erin, Erin kò lè dìde. Ó yọ lẹ́sẹ̀ Ìgalà, ó yọ lẹ́sẹ̀ Ẹfọ̀n. Ó yọ lára Agẹmọ, Agẹmọ kò mọ àwọ̀ tí ì bá pa dà sí. Ti Ìjàpá, ọrùn ló gbà jáde. Ọrùn wú, ó le. Ìjàpá fẹ́ fa orí wọlé, orí kò wọlé. Alága tí kì í yọ orí síta wá ń yọ ọ́ tọ̀sán-tòru, gbogbo igbó ń wo ojú rẹ̀, omijé ń ṣàn níbẹ̀. Òfin kẹrin ti mú ẹni tó ṣe é.

Ó wọ́ ara rẹ̀ dé ìdí ìrókò, ó ní ta ló mọ ìwòsàn. Kẹ́kẹ́ pa. Ó rò pé wọn kò gbọ́ ni, ó bá dá orin:

Lílé: Ta ló mọ ewé, ta ló mọ egbò?
Ègbè: …
Lílé: Ta ló lè gbà mí, kó wá fọhùn o?
Ègbè: …

Kò sẹ́ni tó gbè é. Àgùntàn àti Agẹmọ pàápàá, ọjọ́ ọjà tó kọjá ló ti dí wọn lẹ́nu, pé ègbè wọn kò dùn tó.

Ọwọ́ ara rẹ̀ ni Ìjàpá fi yọ ewé ẹnu Aparò. Aparò fọ ọ̀fun, ó ní, "Alága, ojú mi ló rí i, etí mi ló gbọ́ ọ. Ṣé wọ́n á lè jẹ́rìí lónìí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi, wọ́n á lè jẹ́rìí."

Aparò ní kó kọ́kọ́ yọ ewé tó kù. Ìjàpá yọ gbogbo rẹ̀, títí kan ti Ọ̀wàwà, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú u láti ibi tí wọ́n ti dá ọ̀rọ̀ dúró mọ́ ọn lẹ́nu lọ́dún tó kọjá.

Ìgbà náà ni Aparò sọ̀rọ̀ asẹ́ fún wọn. Nígbà tí wọ́n gbọ́ tán, wọ́n yíjú sí òfin. Àwọn kan ní kí wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ sínú iná, kí oníkálukú máa sọ ohun tó bá wù ú. Ẹtu fi ọwọ́ kan ojú ọgbẹ́ ìbàdí rẹ̀, ó ní rárá.

"Asẹ́ ń dá kòkòrò dúró, omi a kọjá," ni Aparò wí. "Ti Ìjàpá, omi ló dá dúró, kòkòrò ń kọjá. Ẹ má sun asẹ́ níná. Ẹni tó dì í mú ni kí ẹ máa pààrọ̀."

Wọ́n fi òfin mẹ́rin àkọ́kọ́ sílẹ̀, wọ́n fa ìkarùn-ún ya. Wọ́n ní láti òní lọ, ọ̀rọ̀ burúkú ni àwọn yóò máa gbà lẹ́nu ẹni, àwọn kò ní gba ẹnu rẹ̀ mọ́. Alága gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ tó gbà àti òfin tí ọ̀rọ̀ náà rú lójú gbogbo ìjókòó, ẹni náà sì lè pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn. Alága kò ní ju ọjọ́ ọjà kan lọ, òfin yóò sì mú òun náà. Aparò dá orin, gbogbo igbó gbè é:

Lílé: Ọ̀rọ̀ Erin dé, ẹ gbé asẹ́ wá o.
Ègbè: Ká sẹ́ ẹ, ká tó mu.
Lílé: Ti Ẹfọ̀n dé, ẹ gbé asẹ́ wá o.
Ègbè: Ká sẹ́ ẹ, ká tó mu.
Lílé: Ti Alága dé, ẹ gbé asẹ́ wá o.
Ègbè: Ká sẹ́ ẹ, ká sẹ́ ẹ, ká tó mu.

Agẹmọ dìde, ó ní láti ìbẹ̀rẹ̀ ni òun ti ń ta ko Ìjàpá, nínú ọkàn òun.

Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ká sòbìà jáde lọ́rùn Ìjàpá, díẹ̀díẹ̀, lójoojúmọ́. Ìdí nìyẹn tí ọrùn Ìjàpá fi hunjọ títí dòní, tó sì fi jẹ́ pé kó tó yọ orí síta, a wo ọ̀tún, a wo òsì.

Ohun tí àlọ́ mi kọ́ wa nìyí. Ní 1988, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ka àwọn tí sòbìà ń bá jà káàkiri Nàìjíríà, iye wọn lé ní 650,000. Ní 2008 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn, nígbà tó sì di 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé ó ti tán nílẹ̀ wa. A kò lé ẹni tó ní sòbìà kúrò nílùú kó tó tán. Omi la sẹ́. Nítorí náà, bí ẹ bá kó ara yín jọ láti sọ̀rọ̀ òṣèlú, tí wọ́n sì fi ọ́ ṣe alága, ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ ni kó o kọ́kọ́ sẹ́. Ìgbà tí wọ́n bá rí i pé o dá ti ọ̀rẹ́ rẹ dúró ni ọ̀tá rẹ yóò tó gbé tirẹ̀ wá.

Ìdí àlọ́ mi rèé gbáńgbáláká, ìdí àlọ́ mi rèé gbàǹgbàlàkà. Bí mo bá purọ́, kí agogo ẹnu mi má ró. Bí n kò bá purọ́, kó ró lẹ́ẹ̀mẹta: pó, pó, pó!