Baba Olóòfà àti Gìtá Tó Ń Sunkún

Ní ọ̀sán Sátidé kan ní Houston, ọkùnrin Yorùbá kan wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń gba ẹrù ní ìdógò, ó yọ òòfà jáde lápò, ó sì ń fi í kan ara gìtá kan kiri. Òòfà kò lẹ̀. Ó gbé e sápá òsì, ó gbé e sápá ọ̀tún, ó tún fi kan ìdí rẹ̀. Ńṣe ló ń yọ̀ bọ́. Ọkùnrin náà na ara tán, ó ṣe ojú bí ẹni tó mú olè, ó ní: "Ẹ kọ ọ́ síbí pé steel guitar ni. Irin dà níbẹ̀?" Ọmọdékùnrin tó wà nídìí káńtà wò ó títí. Ó fèsì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Igi ni wọ́n fi ń ṣe é, sà."

Èmi ni ọkùnrin náà. Ìyàwó mi, tó ti sá lọ síbi tí wọ́n pàtẹ wúrà sí kí wọ́n má baà mọ̀ pé a jọ wá ni, ló sọ mí ní Baba Olóòfà lọ́jọ́ yẹn. Ojú á tì mí bí mo bá ń sọ "mo ṣe báyìí, mo ṣe báyìí" títí ìtàn yìí yóò fi parí, nítorí náà n ó máa sọ̀rọ̀ Baba Olóòfà bí ẹni ń sọ̀rọ̀ aládùúgbò rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ "mo" níbì kan, àṣìsọ ni.

Irin inú orúkọ gìtá yìí kò sí lára rẹ̀. Ọwọ́ òsì ẹni tó ń ta á ló wà: ọ̀pá irin kékeré kan tó ń dán, tó ń yọ̀ lórí okùn láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Joseph Kekuku, ọmọ erékùṣù Oahu ní Hawaii, ni wọ́n sábà máa ń dárúkọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó dá ọgbọ́n yìí sílẹ̀ ní ìparí ọ̀rúndún 19. Orí itan ni wọ́n ń gbé gìtá lé nígbà yẹn. Nígbà tó yá, iná mànàmáná wọ inú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹsẹ̀ hù lábẹ́ rẹ̀, pẹ́dà sì hù láàárín ẹsẹ̀. Ní 1948, Paul Bigsby ní Downey, California, kan ọ̀kan tó ní pẹ́dà fún Speedy West. Ní 1954, rẹ́kọ́ọ̀dù Webb Pierce tí wọ́n ń pè ní "Slowly" gba ìgboro, Bud Isaacs ló sì ta gìtá inú rẹ̀. Ohun tí Isaacs ṣe ni pé ó tẹ pẹ́dà nígbà tí okùn ṣì ń dún lọ́wọ́, tí etí fi ń gbọ́ bí ohùn kan ṣe ń gòkè nígbà tí èkejì rẹ̀ dúró sójú kan. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ lára àwọn tó ń ta irú gìtá yìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í wá pẹ́dà. Onílù gángan kò ní bi ẹnikẹ́ni pé kí ni wọ́n ṣe. Ohun tí apá ń ṣe fún ọṣán ìlù ni ẹsẹ̀ ń ṣe fún okùn gìtá yìí: fún un, ohùn gòkè, tú u sílẹ̀, ohùn wálẹ̀.

Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé apá kan ṣoṣo ni onígángan fi ń fún ọṣán. Ẹni tó jókòó ti gìtá yìí ń fi ọwọ́ ọ̀tún gbọn okùn mẹ́wàá, ó ń fi ọwọ́ òsì yọ́ irin lọ yọ́ irin bọ̀, ẹsẹ̀ òsì wà lórí pẹ́dà, ẹsẹ̀ ọ̀tún wà lórí èyí tó ń mú ìró pọ̀ sí i tó sì ń dín in kù, orúnkún méjèèjì sì ń ti àwọn irin kan tó rọ̀ lábẹ́ rẹ̀ sọ́tùn-ún sósì. Bí ẹni tó ń ránṣọ tó tún ń wakọ̀ ni.

Kí ló wá kan ọmọ Òkè-Àdó ní Ìbàdàn níbẹ̀? Sunny Ade ni ẹ bi. Nígbà tí àwo "Juju Music" jáde ní 1982, Baba Olóòfà ṣì wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Láàárín gìtá tó pọ̀ rẹpẹtẹ àti ìlù tó ń fọhùn, ohun kan wà níbẹ̀ tó ń sunkún. Ọmọ náà bi bàbá rẹ̀ pé ta ni wọ́n nà. Bàbá rẹ̀ ní, "Gìtá ni. Lọ sùn." Demola Adepoju ni ẹni tó ń ta á, òun kan náà ni Paul Simon pè wá síbi orin "Graceland", tó jáde ní 1986. Látìgbà yẹn ni nǹkan náà ti wà lọ́kàn ọmọ yìí, tó fi dàgbà, tó fi dé Texas, tó fi rí owó tí kò yẹ kó ná.

Ẹ padà sí ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ òòfà, kò sí bí ó ṣe lè jáde lọ́wọ́ òfo; ìtìjú ló san owó gìtá náà, dọ́là 1,100. Sho-Bud ni orúkọ tó wà níwájú rẹ̀. Ní Nashville, ní àárín àwọn ọdún 1950, ni Shot Jackson àti Buddy Emmons da orúkọ ara wọn pọ̀ tí wọ́n fi sọ ilé iṣẹ́ wọn bẹ́ẹ̀. Baba Olóòfà ti kà nípa wọn, ó sì gbà pé òun ti rí ohun tí ọba ń wá. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi jókòó ti gìtá náà ní pálọ̀ tí pẹ́dà kò bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló bi í pé kí ló dé tó jókòó síbi tó yẹ kí àwọn òǹwòran wà. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé òun fẹ́ máa rí orúkọ tó wà lára rẹ̀.

Maverick ni gìtá náà. Ẹ̀yà tí Sho-Bud ṣe fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni, pẹ́dà mẹ́ta, irin orúnkún kan.

Èyí tó tẹ̀ lé e burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Buddy Emmons kúrò ní Sho-Bud nígbà tó yá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, òun àti Ron Lashley bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe gìtá tó ń jẹ́ Emmons. Ẹ̀yà ìgbà náà ni wọ́n ń pè ní push-pull, ohùn rẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ àgbà ṣì ń fi ṣe òṣùwọ̀n títí dòní. Ṣùgbọ́n abẹ́ rẹ̀! Ọ̀pá tín-ín-rín, sípíríǹgì àti nọ́ọ̀tì ló kún ibẹ̀, ọ̀kan ń ti èkejì, èkejì ń fa ẹ̀kẹta, bí ọ̀kan bá sì yẹ̀ díẹ̀, gbogbo wọn á yẹ̀. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kì í fọwọ́ kàn án láìnídìí. Baba Olóòfà ra ọ̀kan, ó rí eruku níbẹ̀, ó tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Kò ya fọ́tò kankan. Inú ike áìsìkiriìmù mẹ́ta ló da wọn sí, ó sì gbé ike náà sórí tábìlì ìdáná.

Ilé Yorùbá wo ni ike áìsìkiriìmù ti ń dúró lásán? Ìyàwó rẹ̀ kó wọn sínú fìrísà pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ọkọ gbé sípíríǹgì mọ́kànlá síná kó lè fi jẹ iyán. Bàbá àgbà kan tó ń tún gìtá ṣe gba àpò irin náà, ó tú u sórí tábìlì, ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá béèrè pé, "Kí ló dé tí wọ́n ń rùn bí ẹja gbígbẹ?" Oṣù mẹ́ta ló fi tò ó padà. Ó ní sípíríǹgì méjì kò pé.

Ibi tí àìsàn gìtá yìí ti wá di àìsàn wíwá ẹni tó ni gìtá tẹ́lẹ̀ ni ti Bigsby. Baba Olóòfà kò ní ọ̀kan rí, kò sì ní lówó rẹ̀ láéláé, ṣùgbọ́n ó ka ìtàn wọn. Ọjọ́ tí Bigsby parí gìtá ló sábà máa ń tẹ̀ sí i lára gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà, ó sì máa ń kọ orúkọ ẹni tó ṣe é fún síwájú rẹ̀ gàdàgbà, bí ìgbà tí wọ́n kọ "Speedy West" sí ti ìyẹn. Gìtá tó ní ọjọ́ ìbí àti orúkọ! Láti ọjọ́ tó ka ìyẹn ni kò ti lè rí gìtá àtijọ́ láìbéèrè pé ọmọ ta ni.

Ìyẹn ló mú un ra Sho-Bud ọlọ́rùn méjì kan, Professional, láti inú ẹrù ilé ẹnì kan tó ti kú ní Florida. Ogún okùn ló wà lára rẹ̀. Bí ti ọ̀pọ̀ Sho-Bud, wọ́n ya àmì káàdì tí wọ́n fi ń ta tẹ́tẹ́ sí ọrùn rẹ̀ dípò àmì lásán, èyí tó mú kí alàgbà ìjọ wa tó wá kí wa tẹjú mọ́ ọn, kó sì gbàdúrà tó gùn ju èyí tí a bẹ̀ ẹ́ fún lọ. Ẹni tó tà á kò mọ ẹni tó ni ín. Ohun mẹ́ta ló wà lára àpótí gìtá náà àti nínú rẹ̀: páálí tíkẹ́ẹ̀tì tó ti gbó lára ọwọ́ àpótí, tí wọ́n tẹ BNA sí gàdàgbà, owó kọ́bọ̀ mẹ́wàá kan, àti àpòòwé òfìfo kan tó ti pọ́n.

Àpòòwé náà ni Baba Olóòfà ká pọ̀ ní mẹ́rin tó fi tẹ́ ẹsẹ̀ gìtá kan tó kúrú. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

B.N.A. ta ni? Oṣù mẹ́rin ló fi wá a. Ó ka ẹ̀yìn rẹ́kọ́ọ̀dù, ó ka orúkọ àwọn tó ta gìtá fún olórin yìí àti tọ̀hún ní Nashville, ó rí ẹni tó ń jẹ́ B, ó rí ẹni tó ń jẹ́ A, kò rí ẹni tó so wọ́n pọ̀. Ó fún un ní ìtàn ìgbésí ayé nínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀: ọkùnrin onítìjú, ẹni tí wọn kò kọ orúkọ rẹ̀ sí rẹ́kọ́ọ̀dù rí. Níkẹyìn, ó pe àgbà kan lórí fóònù, ẹni tó ti ń ta gìtá yìí láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Àgbà náà fetí sí i dé òpin. Ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ náà ti wọ inú B.N.A. rí." Orúkọ tí àwọn ọkọ̀ òfurufú ń lò fún pápákọ̀ Nashville ni, láti ìgbà tó ti ń jẹ́ Berry Field. Oṣù tó ṣáájú ni mo dé láti Nashville. Páálí funfun tuntun kan ṣì wà lára báàgì mi, BNA ló wà lára rẹ̀. Mo ń wò ó bí mo ṣe ń bá bàbá náà sọ̀rọ̀.

Kò tíì kọ́gbọ́n. Kọ́bọ̀ mẹ́wàá ṣì kù, èyí tó ní igi ọ̀pẹ lára, irú èyí tó jáde ní 1973 nígbà tí náírà dé. Kí ni kọ́bọ̀ ń wá nínú àpótí gìtá ní Florida? Ọmọ Nàìjíríà kan ló ni ín! Níbi ìkómọ kan, lójú ogunlọ́gọ̀, Baba Olóòfà gba máíkì lọ́wọ́ alága, ó kéde pé gìtá tí elérè jùjú kan fi rìnrìn àjò ní Amẹ́ríkà ló wà ní pálọ̀ òun, ó sì gbé kọ́bọ̀ sókè kí gbogbo ayé rí i. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyàwó rẹ̀ gba owó náà, ó yí i padà, ó ní: "Eléyìí tó ní ihò? Ọrùn ọmọ wa ló ti já bọ́. Ìyá yín ló fún un." Ọjọ́ tí a ń tú ẹrù sílẹ̀ ni ẹ̀gbà náà já, èmi ni mo sì dúró lórí àpótí.

Ìgbà tí a fẹ́ kun pálọ̀ ni wọ́n sún gìtá, ni àpòòwé bá yọ lábẹ́ ẹsẹ̀. Mo tú u. Àpòòwé ọrẹ ni, ti ilé ìjọsìn aláwọ̀ dúdú kan ní Florida, àdírẹ́sì wà lára rẹ̀, orúkọ ẹni tó ń dá ọrẹ sì wà lábẹ́ rẹ̀ ní ìkọ̀wé wọ́gọwọ̀gọ.

Ó yẹ kí ẹni tó pe ara rẹ̀ ní olùwádìí ti mọ̀. Láti àwọn ọdún 1930 ni àwọn ìjọ kan tó ń jẹ́ House of God ti ń lo gìtá yìí níbi tí àwọn ìjọ mìíràn ti ń lo dùùrù. Willie Eason wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé e wọ ibẹ̀, tó ń mú un sọ̀rọ̀ bí ohùn ẹni tó ń jẹ́rìí. Inú ìjọ wọn ló wà tí ará ìta kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n, títí Robert Stone fi bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn wọn sílẹ̀ ní Florida ní àwọn ọdún 1990. Inú ìjọ wọn náà ni Robert Randolph, ẹni tó ń ta irú gìtá yìí, ti jáde wá. Àwọn ìlú ńlá orin country nìkan ni mo ti ń wá ẹni tó ni gìtá mi kiri, ilé Ọlọ́run ló wà.

Mo kọ lẹ́tà. Ọmọbìnrin ọkùnrin náà, tí òun fúnra rẹ̀ ti di ìyá àgbà, ló pè mí. Ó ní ọdún 31 ni bàbá òun fi ta á lọ́jọ́ ìsinmi, kò sì fi kan ilé ọtí rí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló gbé e wọ ọkọ̀ òfurufú, nígbà tó gbé e lọ tún ṣe ní Nashville. Àwọn àmì tẹ́tẹ́ ọrùn rẹ̀ ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní aṣọ funfun ni ìyá òun máa ń tẹ́ bò ó bí bíṣọ́ọ̀bù bá ń bọ̀. Ó wá béèrè bóyá pẹ́dà kẹta ṣì ń ké bí ológbò. Mo gbé fóònù sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, mo tẹ̀ ẹ́ fún un. Ó ní kí n tún un tẹ̀.

Ní ti Emmons, àwa náà ti wá mọ ibi tí sípíríǹgì méjì yẹn wà. Ọjọ́ tí a ṣe ọjọ́ ìbí ọmọ wa, ìyàwó mi di ọbẹ̀ fún àwọn àlejò lọ sílé. Bí ẹ bá wà níbẹ̀, tí ike áìsìkiriìmù kan sì ṣì wà nínú fìrísà yín tí ẹ kò tíì ṣí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e síná.