Ta Ló Fa Máìlì Gùn?

RÍSÍ: Tíṣà, Mile 12 ni mo ti ń bọ̀, mo lọ ra tòmátì. Inú ọkọ̀ ni mo ti ń rò ó: kí ni máìlì gan-an?

TÍṢÀ: Káàbọ̀, Rísí. Sọ ẹrù kalẹ̀ ná. Ẹsẹ̀ ọmọ ogun Róòmù ni. Ó yá, fi ẹsẹ̀ òsì tẹlẹ̀. Gbé ọ̀tún. Tún gbé òsì.

RÍSÍ: Mo ti gbé e.

TÍṢÀ: Láti ibi tí òsì kọ́kọ́ tẹ̀ dé ibi tó tún tẹ̀ yìí, ẹyọ kan nìyẹn. Tó bá pé ẹgbẹ̀rún, máìlì kan pé. Ẹgbẹ̀rún, «mille» lédè wọn, ni orúkọ náà ti wá. Wọ́n a sì ri òkúta mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì níbẹ̀, kí èrò lè mọ ibi tó dé.

RÍSÍ: Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ bàtà 5,280 ni ìwé ọmọ mi pè é. Kí ló dé tí kò gún?

TÍṢÀ: Ti Róòmù gún, 5,000 ni. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló fà á gùn, nítorí àgbẹ̀! Poro tí màlúù lè tú kó tó sinmi ni wọ́n fi ń wọn oko. Fọ́lọ́ǹgì ni wọ́n ń pè é, ẹsẹ̀ bàtà 660. Ní 1593, láyé Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní, òfin ní kí máìlì jẹ́ fọ́lọ́ǹgì mẹ́jọ. Ṣírò ó wò.

RÍSÍ: 5,280 lóòótọ́! Wọn ò ṣe kúkú dín fọ́lọ́ǹgì kù?

TÍṢÀ: Kí ààlà oko wá di kí ni? Fọ́lọ́ǹgì ni wọ́n fi mọ éékà, òun náà ló wà nínú ìwé ilẹ̀ oníkálukú. Ẹni bá fọwọ́ kàn án, ó ti hú pèrègún ààlà gbogbo ìlú nìyẹn. Máìlì ojú ọ̀nà ńkọ́? Ta ló jogún rẹ̀? Òun ni wọ́n rí fà.

RÍSÍ: Àgbẹ̀ mà borí ọmọ ogun o!

TÍṢÀ: Pátápátá. Ìyàtọ̀ bíńtín ṣì wà láàárín ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà títí di 1959, tí orílẹ̀-èdè mẹ́fà fẹnu kò lórí yáàdì kan ṣoṣo, tí máìlì fi di mítà 1,609.344.

RÍSÍ: Fọ́lọ́ǹgì ti kú nìyẹn?

TÍṢÀ: Kò kú o. Bí ẹṣin bá ń sáré ìje ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun ni wọ́n ṣì fi ń ka ọ̀nà.