Matrix àbí Vibe: Ìjà Ìbejì ní Bọ́sítọ́ọ̀pù Toyota

Ìbejì ni Toyota Matrix àti Pontiac Vibe. Toyota àti General Motors ló jọ bí wọn ní 2002, orí egungun Corolla ni wọ́n sì ti mọ àwọn méjèèjì. Irú ọkọ̀ kékeré tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí sókè ni wọ́n, tí búùtù rẹ̀ kò dá dúró, tó jẹ́ pé inú ọkọ̀ gan-an ló já sí. Cambridge, ní ìpínlẹ̀ Ontario ní Kánádà, ni wọ́n ti to Matrix. Fremont, ní California, ni wọ́n ti to Vibe, ní ilé iṣẹ́ NUMMI tí àwọn òbí méjèèjì jọ dá sílẹ̀ ní 1984. Wọ́n tún yí ìdarí Vibe sí apá ọ̀tún, wọ́n kó o lọ sí Japan, wọ́n sì sọ ọ́ ní Toyota Voltz níbẹ̀, kí ọmọ má baà dé ilé baba láìlórúkọ. Ohun tó ya Táyé sọ́tọ̀ lára Kẹ́hìndé kò ju ojú lọ: iná iwájú, bọ́ńpà, bọ́nẹ́ẹ̀tì, àti àmì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ imú.

Fún ará Òṣòdì àti Ìsọlọ̀ ní Èkó, ìyẹn ti tó láti fi jà. Nínú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ní Òkòta, níbi tí àwọn oníbàárà ti ń jókòó sórí táyà àlòkù dúró de ọkọ̀ wọn, ẹgbẹ́ Matrix á ní Matrix yá lẹ́sẹ̀ ju Vibe lọ. Ẹgbẹ́ Vibe á ní irọ́ ni, Vibe ló le lójú títì, ṣebí Amẹ́ríkà ló ṣe é. Ẹni tó bá sọ fún wọn pé ẹ́ńjìnnì kan náà ló wà nínú àwọn méjèèjì, wọn á bi í léèrè pé mélòó lòun fúnra rẹ̀ ti rà rí.

Nínú ìbejì yìí, àwọn tí ara wọn gbóná ni Matrix XRS àti Vibe GT, tí wọ́n ṣe láàárín 2003 sí 2006. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń pè ní 2ZZ-GE ló wà nínú wọn. Lítà 1.8 ni, Yamaha sì bá Toyota dá sí i. Agbára ẹṣin 180 ló ní ní ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí ti Matrix lásán jẹ́ 130. Irú ẹ́ńjìnnì yìí náà ni Lotus fi sínú Elise tó ń tà ní Amẹ́ríkà, ọkọ̀ eléré ìje tí kò tilẹ̀ ní àyè fún ju ènìyàn méjì lọ. Gíà àfọwọ́yí onípele 6 ló sì bá a rìn.

Ẹ́ńjìnnì náà ní ìwà kan. Tó bá ń yí ní ìwọ̀nba, kò yàtọ̀ sí ti Corolla tí ìyá ìjọ ń wà. Ìgbà tó bá yí tó nǹkan bí ìgbà 6,200 láàárín ìṣẹ́jú kan ni apá kejì nínú kámú rẹ̀ máa tó jí. Ohùn rẹ̀ á yí pa dà lẹ́ẹ̀kan náà, ọkọ̀ á sì fò síwájú. Tìtorí ìjí yìí ni wọ́n ṣe ń fi owó lé owó fún XRS àti GT.

Ibi tó ti máa jí ni kò sí. Tí gíà bá wà ní 1, kí ẹ́ńjìnnì tó yí dé ibẹ̀, ọkọ̀ ti ń sá nǹkan bí kìlómítà 50 láàárín wákàtí kan, bẹ́ẹ̀ 50 náà ni òfin ojú pópó fi dá eré dúró nínú ìlú. Ní kúkúrú, gíà kìíní nìkan ni òfin fún un láyè kó jí, kó sì tún sùn lójú ẹsẹ̀. Ní ti títì márosẹ̀ Òṣòdì sí Àpápá, 100 ni òfin gbà, ṣùgbọ́n dánfó kò gba tó bẹ́ẹ̀. Láti Charity dé Toyota, láti Toyota dé Five Star, títí dé Ìyànà Ìsọlọ̀ àti Cele, orin kan náà ni ẹ́ńjìnnì náà ń gbọ́ lójoojúmọ́: kílọ́ọ̀ṣì, gíà kìíní, bíréèkì, kílọ́ọ̀ṣì. Ní àwọn ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́, bọ́ọ̀tì tó ń gbé apá kejì kámú yìí máa ń jẹ, ó sì máa ń kán. Tó bá kán lábẹ́ ẹni tó ń gbé Èjìgbò, ó ṣeé ṣe kí ó wà á títí di ọjọ́ tó bá tà á láìmọ̀ pé ohun tó san owó lé lórí ti kú.

Ọjà Ládìpọ̀, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nínú ọ̀ràn yìí. Ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀ yẹn ló wà, bọ́sítọ́ọ̀pù tó sì sún mọ́ ọn, Toyota ni wọ́n ń pè é. Láti Òṣòdì títí dé Mile 2, kò sí bọ́sítọ́ọ̀pù kan tó ń jẹ́ Pontiac. Ẹni tó lójú á ti rí ìdájọ́ láti orí afárá.

Àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń kìlọ̀ fún oníbàárà kí wọ́n tó rán an lọ: "Ẹ̀gbọ́n, tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ má dárúkọ Pontiac o. Matrix ni kẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́." Ọgbọ́n yìí máa ń ṣiṣẹ́ fún páàdì bíréèkì, fún ṣọ́ọ̀kì, fún ìjókòó ẹ́ńjìnnì. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù á na ọwọ́ sókè, á já a bọ́ láti inú ọ̀rá, á fẹ́ eruku kúrò lórí rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá fọ́ iná iwájú ni àṣírí máa ń tú. Ẹni tó fẹ́ iná Vibe kò lè fi ti Matrix díbọ́n, nítorí kò ní wọ ibẹ̀. Ọmọ ṣọ́ọ̀bù á sáré wọ inú ọjà lọ, oníbàárà á jókòó títí pure water tó mu á fi gbẹ lọ́fun rẹ̀. Ìgbà tí ọmọ náà bá dé, iná kan tí etí rẹ̀ ti ya ló máa gbé lọ́wọ́, tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀, tí wọ́n ń pè ní ojúlówó Bẹ́ljíọ̀mù. "Alàájì, ẹyọ kan yìí ló kù ní gbogbo Ládìpọ̀." Bóyá oníbàárà náà jẹ́ Alàájì tàbí díákónì kò sí nínú ọ̀rọ̀, owó tí wọ́n máa pè fún un kò ní yàtọ̀.

Ẹni tí ẹ́ńjìnnì XRS rẹ̀ bá kú náà ní ìdánwò tirẹ̀. 2ZZ kò wọ́pọ̀, ẹ́ńjìnnì Matrix lásán ló pọ̀ nílẹ̀, ẹni tó sì ń tà á á fi dá a lójú pé Matrix kan náà ni, kò sí ìyàtọ̀. Báyìí ni ọkọ̀ eléré ìje ṣe ń gba ọkàn Corolla, tí àmì ìdí rẹ̀ ṣì ń pariwo XRS.

Ní ti epo, àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì náà fẹ́ kó máa mu bẹntiróòlù tó lágbára ju ti gbogbo ayé lọ. Ilé epo ní Ìsọlọ̀, irú kan ló ń tà. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà kan kúrò ní ohun tí kò tó náírà 200 tó sì ré kọjá 480 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹsẹ̀ àwọn eléré ìje ti fúyẹ́ lórí tọ́tù. Àwọn ìbejì náà tún ní ihò iná ilé kan lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, 115 volt bíi ti Amẹ́ríkà, nígbà tí Nàìjíríà ń lo 230. Ẹni tí wọ́n bá mú iná lọ lọ́wọ́ rẹ̀ ní Àjàó Estate lè fi ṣáájì fóònù. Kò lè fi lọ aṣọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò sí nínú àríyànjiyàn wọn. Ní oṣù kìíní 2024, Toyota sọ fún àwọn ará Amẹ́ríkà tó ní Corolla àti Matrix ti 2003 àti 2004, tí wọn kò tíì pààrọ̀ airbag Takata inú rẹ̀, pé kí wọ́n má wà á mọ́, nítorí ó lè bú gbàmù kó sì fọ́n irin sí ènìyàn lára. Wọ́n ti pe Vibe náà pa dà rí tìtorí Takata kan náà. Ìkìlọ̀ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ rí ọkọ̀ ojú omi wọ̀ dé Àpápá. Àwọn kan lára tòkúnbọ̀ ti fi orí gbá nǹkan kí wọ́n tó gbéra, airbag wọn ti tú, wọ́n sì ti rọra fi gọ́ọ̀mù lẹ ìdérí rẹ̀ pa dà; ọkọ̀ tí kò ní airbag mọ́ kò kúkú lè ní èyí tó burú. Nínú gbogbo ohun tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ ra ìbejì yìí bèèrè, èyí nìkan ló lè pa á. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni bóyá AC rẹ̀ ń tutù.

Iye owó ló kù. Vibe kì í gba owó tí Matrix ń gbà, bí ọjọ́ orí àti ìrìn wọn tilẹ̀ dọ́gba. General Motors kéde ní 2009 pé òun ń pa Pontiac rẹ́, Vibe sì bá a lọ ní ọdún náà. Ilé tí wọ́n ti bí i ní Fremont ti di ti Tesla. Kì í ṣe Ìsọlọ̀ ló dá irú ojúsàájú bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. NUMMI kan náà ti ń to Corolla àti Geo Prizm pa pọ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn ará Amẹ́ríkà sì ń san owó lé ti Toyota.

Ohun tí èyí dá sílẹ̀ ní Ládìpọ̀ ni òwò àmì. Ẹni tó ra Vibe á ra àmì Toyota, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ imú rẹ̀. Ìwé ọkọ̀ á máa sọ Pontiac, ojú ọkọ̀ á máa sọ Toyota. Ẹni tó ra Matrix lásán á ra lẹ́tà XRS, á tò ó sí ìdí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òótọ́, kó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì: ti XRS gidi, VVTL-i ni, ti Matrix lásán, VVT-i. Lẹ́tà L kan yẹn ló di 50 agbára ẹṣin mú.

Bó bá wá di ọjọ́ tí owó fẹ́ jáde lápò, ìyàwó á bèèrè bóyá òun náà á lè wà á, mẹkáníìkì á bèèrè ẹni tó fẹ́ máa tẹ kílọ́ọ̀ṣì láti Mile 2 dé Òṣòdì nírọ̀lẹ́, oníṣòwò ọkọ̀ á sì bèèrè iye tó wà nílẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń gbé Corolla ọ̀tọ̀mátíìkì lọ sílé. Àwọn kan máa ń yà ní bọ́sítọ́ọ̀pù Toyota lójú ọ̀nà, láti lọ ra XRS.