Bàbá Tó Ń Mú Mọ́tò Yáná

Kò sí òpópónà ní Baṣọ̀run, láti Ìdí-Apẹ́ títí dé General Gas, tí kò ní Bàbá Wọ́ọ̀mù tirẹ̀. Ẹ lè má mọ orúkọ àbísọ wọn, ẹ lè má tilẹ̀ tíì fojú kàn wọ́n rí, ṣùgbọ́n tí ẹ bá ti sun àdúgbò náà lóru ọjọ́ kan péré, ẹ ti mọ̀ wọ́n. Ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, tí ládàánì ṣì ń pe ìrun Àsùbáà lọ́wọ́, ẹ ó gbọ́ ìró kọ́kọ́rọ́, ẹ ó gbọ́ ìró ilẹ̀kùn mọ́tò, ẹ ó gbọ́ ikọ́ àgbàlagbà kan, lẹ́yìn náà ẹ́ńjìnnì á bú ramúramù. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀, ó di aago mẹ́fà kó tó panu mọ́. Bàbá ń wọ́ọ̀mù mọ́tò nìyẹn.

Oṣù ọyẹ́ ni iṣẹ́ náà máa ń le jù. Tí eruku bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bo òrùlé páànù, Bàbá á yọ súwẹ́tà jáde nínú àpótí, wọ́n á fa fìlà onírun bo etí méjèèjì, wọ́n á wọ sọ́ọ̀kì sínú sálúbàtà. Wọ́n á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n á tan tọ́ọ̀ṣì sí i, wọ́n á wá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì bí ìyá ọmọ tó ń wò ó bóyá ibà ti mú ọmọ òun.

"Kò tíì yá gágá," wọ́n á wí. "Òtútù ṣì wà lára rẹ̀."

Ẹni tó bá ń sáré lọ síbi iṣẹ́ ní ìdájí yẹn gbọ́dọ̀ dúró gba ẹ̀kọ́ kó tó kọjá. "Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ńṣe lẹ máa ń jí ẹ́ńjìnnì lójijì. Ṣé bí wọ́n ṣe ń jí èèyàn nìyẹn? Ẹ jẹ́ kí ọ́ìlì gòkè ná. Èmi tí ẹ ń wò yìí, mi ò tíì pa ẹ́ńjìnnì kankan rí láyé mi."

Kí ni òtútù ọ̀hún tiẹ̀ tó? Ọyẹ́ tó ń la ètè gbogbo wa ní Ìbàdàn, tó ń mú ọmọdé sá fún omi ìwẹ̀, kì í sábàá mú ìdájí wa lọ sílẹ̀ kọjá 15 lórí ìwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì. Awọ ara wa ló mọ̀ ọ́n ní òtútù. Irin ẹ́ńjìnnì ò mọ̀ ọ́n sí nǹkan kan.

Bàbá tiwa sì mọ ibi tí òtútù gidi wà, nítorí Winnipeg ní Kánádà ni àkọ́bí wọn ń gbé. Lọ́hùn-ún, kí òru January já sí 20 lábẹ́ òdo kì í ṣe ohun tí aládùúgbò ń sọ fún aládùúgbò. Ní ọjọ́ 24 oṣù December 1879, ó já sí 47.8 lábẹ́ òdo. Irú ibẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì tó sun ìta ti ń jìyà. Ọ́ìlì á ki, kò ní fẹ́ ṣàn mọ́. Bátìrì á pàdánù bí ìdajì agbára rẹ̀. Tó bá jẹ́ omi lásán ló wà nínú rédíétọ̀, omi á di yìnyín, yìnyín sì ń gba àyè ju omi lọ, bí ìdá mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì lè la irin ẹ́ńjìnnì sí méjì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo kúláǹtì tí kì í dì, tí okùn iná kékeré sì fi ń yọ lẹ́nu ọ̀pọ̀ mọ́tò níbẹ̀. Híítà ló wà nídìí okùn náà, ara ẹ́ńjìnnì ni wọ́n sì so ó mọ́. Andrew Freeman, ará North Dakota l'Amẹ́ríkà, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú rẹ̀ lọ́dún 1949. Tí onímọ́tò bá ti délé lálẹ́, á ki okùn bọ iná, mọ́tò á sì máa yáná mọ́jú.

Ọjọ́ tí ọmọ ṣàlàyé èyí lórí fóònù, Bàbá ò sùn. Àṣé òyìnbó pàápàá ń wọ́ọ̀mù! Wọ́n ní kó fi ọ̀kan ránṣẹ́ kíákíá.

Ọmọ ní, "Dádì, Ìbàdàn lẹ wà o."

Wọ́n ní, "Ṣé o ti wá gbàgbé ọyẹ́ ni?"

Ẹni tó ń bọ̀ wálé wá ṣègbéyàwó ní December ló bá wọn gbé híítà bọ̀. Wọ́n pe rewáyà. Rewáyà yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó ní iná 120 ni wọ́n ṣe é fún, iná 230 sì ni tiwa. Tí òun bá ki í bọ iná, híítà á jó, mọ́tò sì lè bá a lọ. Àti pé, Bàbá, iná wo ló wà ní aago márùn-ún ààbọ̀? Bàbá gbà tẹ̀dùntẹ̀dùn. Híítà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ní pálọ̀ títí dòní, láàárín fọ́tò ìgbéyàwó àti àwo tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi jẹun. Kí àlejò tó rí omi mu nílé náà, á kọ́kọ́ gbọ́ ìtàn híítà.

Ká má parọ́ mọ́ àgbà, àṣà yìí nídìí. Lọ́dún 1975, nígbà tí àfikún owó oṣù tí wọ́n ń pè ní Udoji tẹ òṣìṣẹ́ ìjọba lọ́wọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin akọ̀wé ni Bàbá ní Sẹkitéríàtì l'Agodi. Àwọn kan fi tiwọn ra rédíò, àwọn kan fi fẹ́yàwó kún ìyàwó. Bàbá fi lóònù kún tiwọn, wọ́n ra Volkswagen ìjàpá. Nígbà tí wọ́n gòkè sí i, wọ́n bọ́ sí Peugeot 504, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975 yẹn kan náà. Kábúrétọ̀ ló ń pín epo fún àwọn mọ́tò wọ̀nyẹn, ọ̀pọ̀ kábúrétọ̀ ò sì mọ̀ bóyá ẹ́ńjìnnì tutù tàbí ó gbóná. Ẹni tó wà nídìí rẹ̀ ló máa fa ṣóòkù, tó máa tẹná sí i díẹ̀díẹ̀, tó máa mú sùúrù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́tò á kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́nu géètì. Láyé ìgbà yẹn, ọgbọ́n ni wọ́ọ̀mù.

Ṣùgbọ́n Toyota Camry ló wà nílẹ̀ báyìí, tókúńbọ̀ 2005, èyí tí gbogbo ìgboro ń pè ní Big Daddy. Kọ̀ǹpútà ló ń pín epo fún un, ó sì ti mọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe tutù tó kí Bàbá tó jókòó dáadáa. Ààbọ̀ ìṣẹ́jú péré ti tó fún un. Kí wọ́n rọra wà á jáde, kí wọ́n má sáré púpọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ojú ọ̀nà ló ti máa ń tètè gbóná. Ìdúró lójú kan ló ń dá a dúró.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ẹ̀rín gan-an kù síwájú. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ra Big Daddy, wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kó bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Mẹkáníìkì tú u, ó fa irin kékeré kan yọ, ó sì gbé e sókè bí ẹni tó rí ẹ̀rí ọ̀ràn. "Alàgbà, tẹ́mósítáàtì rèé. Ti ìlú òtútù ni. Tí a bá fi sílẹ̀ níbí, á jẹ́ kí mọ́tò yín máa hó." Wọ́n dúpẹ́, wọ́n sanwó iṣẹ́, wọ́n fi owó ọtí lé e.

Iṣẹ́ wo ni tẹ́mósítáàtì wá ń ṣe? Òun ló ń dí ọ̀nà mọ́ omi kó má tíì lọ sí rédíétọ̀, títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná dé bí 80 sókè. Ìgbà náà ló máa ṣílẹ̀kùn fún omi kó lọ tutù. Tí ẹ bá yọ ọ́, láti ìgbà tí ẹ bá ti sítáàtì ni omi á ti máa lọ, á máa bọ̀, ẹ́ńjìnnì ò sì ní tètè gbóná láéláé. Bàbá sanwó kí wọ́n yọ ohun tó ń mú ẹ́ńjìnnì gbóná lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n wá ń fi epo bẹntiróò ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní ìdájí.

Iṣẹ́ náà ò sì délé. Ẹ́ńjìnnì tó tutù tó dúró lójú kan máa ń mu epo ju bó ṣe yẹ lọ. Èyí tí kò bá jó á fọ ọ́ìlì kúrò lára irin, á sì ṣàn lọ bá ọ́ìlì nísàlẹ̀. Omi tó ń bá èéfín jáde ò rí ooru tó máa lé e dànù, ó jókòó sínú sàléńsà, ó sì ń jẹ ẹ́ jẹ. Bàbá ti lọ ra sàléńsà ní Àrárọ̀mí, ní Gate, débi pé àwọn ọmọ Ìbò tó ń ta pátì níbẹ̀ ń kí wọn ní "Daddy wa". Gbogbo ìgbà tí sàléńsà bá jẹrà, ọyẹ́ ni wọ́n ń bú.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ 2023, iye tí ìjọba fọwọ́ sí fún lítà epo kan ò tó ₦200. Ní ọjọ́ 29 oṣù May ọdún náà, Ààrẹ tuntun kéde níbi ìbúra pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kí July tó parí, epo ti kọjá ₦600. Kí 2024 tó parí, ó ti fò kọjá ₦1,000. Ẹ́ńjìnnì Big Daddy tó bá dúró lójú kan fún ààbọ̀ wákàtí á mu tó ìdajì lítà. Nínú oṣù kan, lítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti di èéfín. Ìyàwó wọn, tó mọ ìṣírò ju gbogbo wa lọ, kì í jà. Ohun tí wọ́n máa ń sọ látojú fèrèsé kò ju, "Olówó orí mi, ẹ rántí pé gáàsì ìdáná ti tán," lọ.

Ẹ ó ní ó kéré tán, mọ́tò tó gbóná á gbé wọn débi tí wọ́n ń lọ. Ibo? Tó bá di aago mẹ́fà, Bàbá á pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n á fi tapólì bo mọ́tò, wọ́n á fi òkúta tẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n á wẹ̀, wọ́n á mumi gbóná, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn jáde sójú títì, wọ́n á sì wọ Micra lọ sí Ìwó Road. Àwọn méjì ló máa ń pín àga iwájú. Tí èrò ẹ̀yìn bá ń ṣàròyé pé àyè há, Bàbá á yíjú sí wọn, wọ́n á ní, "Mo ní mọ́tò nílé o. Mo wọ́ọ̀mù rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Epo ló wọ́n."

Mọ́tò tó ń jókòó pẹ́ ní ọ̀tá lóòótọ́, ní Baṣọ̀run yìí. Eku ń wọ inú bọ́nẹ́ẹ̀tì lọ jẹ wáyà. Eruku ọyẹ́ ń dí fílítà afẹ́fẹ́. Táyà ń tẹ̀ sí ojú kan. Omi kànga tí wọ́n ń bù sí rédíétọ̀ ti di omi ìpẹtà, àwọ̀ rẹ̀ ti jọ ti etí páànù àtijọ́. Ọ́ìlì inú ẹ́ńjìnnì ti dúdú, ó ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé ó yẹ kó máa san owó ilé. Bàbá ò bá èyíkéyìí jà nínú wọn. Ẹ má bi mí léèrè ìdí. Ta ló máa ń gbọ́ ìró ọ́ìlì tuntun láàárín òru?

Ti ẹ́ńjìnnì ni àwọn ayálégbé ń gbọ́, wọ́n sì ń fa èéfín rẹ̀ símú pẹ̀lú. Ìyàwó kan nínú wọn tó ń tọ́mọ lọ́wọ́ kúnlẹ̀ fún Bàbá lọ́jọ́ kan: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èéfín ń wọlé bá ọmọ." Kò mọ̀ pé èyí tó léwu jù nínú rẹ̀ ò ní òórùn, kò sì ní àwọ̀, ojú oorun ló sì ti ń pani. Bàbá fèsì pé, "Ìyàwó wa, èéfín yẹn náà ló ń lé ẹ̀fọn." Ṣùgbọ́n aláàánú ni wọ́n. Lọ́jọ́ kejì wọ́n yí mọ́tò padà, ìdí rẹ̀ kọjú sí fèrèsé tíṣà tó ń gbé fúláàtì kejì. Nígbà tí tíṣà náà ké, wọ́n ṣètò pé ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni mọ́tò á máa yí, kí ojúsàájú má baà sí.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí ìró yẹn jẹ́ sí Bàbá, kó bi ẹni tó bá wọn ṣiṣẹ́ ní Sẹkitéríàtì. Kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọ́n ti di dáírẹ́kítọ̀. Mọ́tò ìjọba ló ń gbé wọn, pẹ̀lú dírẹ́bà. Òfin kan ṣoṣo ló sì wà fún dírẹ́bà: ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ ti máa dún kí ọ̀gá tó yọ sẹ́nu ọ̀nà. Tí àdúgbò bá ti gbọ́ ìró yẹn, wọ́n mọ̀ pé ọ̀gá ń bọ̀ níta. Mọ́tò ìjọba padà sọ́dọ̀ ìjọba, dírẹ́bà lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá mìíràn. Ìró nìkan ló kù tí wọn ò gbà padà.

Lóṣù tó kọjá, ọ̀dọ́ mẹkáníìkì kan tó gba yàrá kan nínú ilé náà lọ bá wọn pẹ̀lú ìdọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Bàbá, mo fẹ́ bá yín fi tẹ́mósítáàtì padà, ọ̀fẹ́ ni. Ma tún fọ rédíétọ̀, ma pààrọ̀ ọ́ìlì, ma da kúláǹtì sí i. Ẹ ò ní nílò wọ́ọ̀mù mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ kẹ́ ẹ gbé e dé Àkóbọ̀, kẹ́ ẹ padà. Epo tó máa jẹ ò ní tó ìdajì èyí tẹ́ ẹ ń fi wọ́ọ̀mù."

Bàbá wo bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n wo ọmọ náà, wọ́n tún wo bọ́nẹ́ẹ̀tì.

"Tó o bá wá bá mi fi sí i," wọ́n ní, "aago márùn-ún ààbọ̀, kí ni kí n máa jí ṣe?"

"Ẹ lè máa gbàdúrà, sà."

"Aago mẹ́rin ni mo ń gbàdúrà."