Ẹ Gbà Mí Lọ́wọ́ Táyà Yìí!

Ẹ wá nǹkan fìdí lé, torí ọ̀rọ̀ yìí kò ṣe é gbọ́ ní ìdúró. Mo kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé títí mo fi fẹ̀yìntì. Mi ò jalè, mi ò gba ilẹ̀ onílẹ̀, mi ò bá ẹnikẹ́ni du oyè ní gbogbo Ìjùmú ní ìpínlẹ̀ Kogi. Kí wá ni mo ṣe fún Ẹlẹ́dàá tí àbúrò mi tó wà ní Houston fi gbé ọkọ̀ spọ́ọ̀tì ránṣẹ́ sí mi ní Ògìdì?

Ọkọ̀ pupa ni. Àga méjì péré ló wà nínú rẹ̀, ó sì lọ sílẹ̀ débi pé ewúrẹ́ àdúgbò ń wo òrùlé rẹ̀ láti òkè. Mo mọ̀ pé ẹ̀bùn ni. Mo ṣàdúrà fún un títí owó fi tán nínú fóònù mi. Ilé iṣẹ́ ará Jámánì tó ṣe ọkọ̀ náà, ẹ jẹ́ kí n fi orúkọ wọn sílẹ̀, kí wọ́n má gbé lọ́yà ká mi mọ́lé. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi bi wọ́n o: ta ló pàṣẹ níbẹ̀ pé kí ọkọ̀ jáde láìní sípíà? Kò sí sípíà! Kò sí jáákì! Kò sí spánà tí a fi ń tú nọ́ọ̀tì! Mo ṣí bọ́ọ̀tù, mo ká kápẹ́ẹ̀tì, bátìrì ni mo bá níbi tó yẹ kí táyà wà. Òun náà ń wò mí.

Wọ́n ní táyà ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe táyà lásán, run-flat ni. Wọ́n fi rọ́bà líle ki ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nípọn, débi pé bí ìṣó bá gún un tí gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde, ẹ̀gbẹ́ yẹn nìkan á gbé ọkọ̀ dúró, ẹ ó sì lè wà á fún 80 kìlómítà sí i, bí ẹ kò bá ti sáré ju 80 kìlómítà ní wákàtí kan lọ. Àtọdún 1997 ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń ta ọkọ̀ spọ́ọ̀tì Corvette bẹ́ẹ̀ láìfi sípíà sí i, wọ́n sì ń sùn dáadáa. Kí ló fẹ́ dí wọn lọ́wọ́ oorun? Lọ́dọ̀ tiwọn, kí 80 yẹn tó pé, o ó ti kan ṣọ́ọ̀bù táyà tí wọ́n ti máa ní kí o jókòó, kí o mu kọfí. Lọ́dọ̀ tiwa ńkọ́? Kabba sí Lokoja nìkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ 80 yẹn tán, bẹ́ẹ̀ Ògìdì ni mò ń gbé, mi ò gbé Kabba, mo sì dé Lokoja tán ni ẹni tó ń ta táyà wò mí láti òkè délẹ̀ tó ní, "Bàbá, kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?"

Ẹ̀yin tó ti dé Ògìdì mọ̀ pé orí àpáta ni wọ́n tẹ̀ wá dó sí. Àlejò ń wá wo iṣẹ́ ọnà Nike Okundaye, ọmọ bíbí ìlú wa, wọ́n sì ń ya lù wá nígbà ọdún iṣu tuntun ní oṣù Kẹfà, tí wọ́n ń ya fọ́tò òkè, tí wọ́n ń pariwo pé ó rẹwà. Ó rẹwà o! Ẹni tí táyà rẹ̀ ga ni òkè ń rẹwà lójú rẹ̀. Tèmi, 225/40 R18 ló wà níwájú, 255/35 R18 ló wà lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí n ṣe tíṣà díẹ̀ fún yín: 40 yẹn, ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún ìbú táyà ni gíga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́sàn-án! Gbogbo ohun tó dá ríìmù mi sí kúrò lọ́wọ́ òkúta ilẹ̀ Ìjùmú kò ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́sàn-án lọ. Bẹ́ẹ̀ ni jíìpù àwọn ará Abuja á wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lọ́jọ́ ọdún, táyà rẹ̀ ga dé orókùn mi, yóò sì tún pọn sípíà sẹ́yìn bí abiyamọ. Ẹni tó ní ló tún ń kó sí i!

Ọ̀rọ̀ fọ́kanáísà wa ló kàn. Ẹ gbọ́ ná, run-flat tó ti kú kì í ṣubú. Afẹ́fẹ́ á tán nínú rẹ̀, yóò sì nàró síbẹ̀ láìtijú. Kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ ló ń fura sí i: táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ dín á kéré díẹ̀, á sì máa yí yára ju àwọn yòókù lọ, kọ̀ǹpútà á wá tan iná. Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ fọ́kanáísà, mo ní iná tàn. Ó fẹsẹ̀ ta táyà, ó ní, "Bàbá Tíṣà, nǹkan kan kò ṣe é." Mo ní kó fi géèjì wọ̀n ọ́n. Òfo! Ó ké Jésù. Ó wá mú irin méjì, ó fẹ́ ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrò lára ríìmù, ẹ̀gbẹ́ kọ̀, ó gun orí rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kọ̀, ó pe ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì gun orí rẹ̀, àwọn tó ń bọ̀ láti oko dúró láti wòran, ẹnì kan ń kọrin, ẹnì kan ní kí wọ́n gbé tírélà gùn ún, irin fò, ó ha ríìmù mi, ó fọ́ agolo omi tí wọ́n fi ń wá ihò, nígbà tí òógùn wá bò ó tán ló dìde tó ní kí n san owó iṣẹ́. Iṣẹ́ wo? Ó ní ti làálàá tóun ṣe. Ó ní bí òun bá tilẹ̀ ṣí i, tíúbù lòun fẹ́ ki bọ inú rẹ̀. Tíúbù! Nínú run-flat! Mẹkáníìkì tó dúró tì wá ní tiẹ̀ ní kí n fi sẹlotéèpù bo iná yẹn lójú, pé ìyẹn ló ń dà mí láàmú.

Bí ẹ bá tiẹ̀ rí ẹni tó lè ṣí i, àwọn tó mọ táyà ní ẹ má lẹ run-flat tí ẹ ti wà ní òfìfo, torí inú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á ti jóná, ojú kò sì ní rí i láti ìta. Ríra ló kù. Ríra yìí gan-an ni ayé ti pàdé pọ̀ lẹ́yìn mi.

Ẹ wo orúkọ rẹ̀ ná. Ohun kan ṣoṣo ni o, ṣùgbọ́n Michelin kọ ZP sára tiwọn, Bridgestone kọ RFT, Continental kọ SSR, Goodyear kọ ROF, Dunlop kọ DSST. Èmi tí mo ti fi gégé sílẹ̀, mo tún di akẹ́kọ̀ọ́, mò ń há lẹ́tà sórí láàárín òru, ìyàwó mi ń gbọ́ "ZP, SSR" lójú oorun, ó ń bi mí pé ta ni wọ́n. Mo fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí oníṣòwò kan ní Ìlọrin lórí WhatsApp. Ó fi fọ́tò táyà tírélà dá mi lóhùn.

Ẹnì kan ní Èkó ní òun ní tuntun. Ó dárúkọ iye owó ẹyọ kan. Mo ní, "Ẹyọ kan?" Ó ní ẹyọ kan ni. Ẹ̀yin olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, ẹ kúkú mọ iye tí wọ́n ń san fún wa, ẹ bá mi sunkún: owó oṣù mi kò lè ra ìdajì rẹ̀, ẹsẹ̀ mẹ́rin ló sì wà lábẹ́ ọkọ̀. Ó wá ní kí n má banú jẹ́, pé tòkunbọ̀ wà.

Tòkunbọ̀! Mo béèrè nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ DOT lára rẹ̀, torí èmi kì í ṣe ọmọdé. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó kù ni ọdún tí wọ́n ṣe é. 3414 ló kà sí mi létí. Ọ̀sẹ̀ kẹrìnlélọ́gbọ̀n ọdún 2014! Bẹ́ẹ̀ àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, àti àjọ tó ń mójú tó ojúlówó ọjà, SON, ti ń kígbe tipẹ́ pé táyà tó bá ti lé ní ọdún mẹ́rin láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é ti kọjá lílò, kódà bí wọn ò tíì fi tẹ ilẹ̀ rí. Mo sọ fún un. Ẹ fojú inú wo ìdáhùn rẹ̀! Ó ní, "Bàbá, iye tí wọ́n rà á lọ́hùn-ún lẹ kà yẹn." Ẹ̀yin èèyàn mi! Ká tilẹ̀ ní ó jẹ́ tuntun, ta ló máa jẹ́rìí fún mi pé òyìnbó tó bọ́ ọ sílẹ̀ kò ti wà á ní òfìfo títí tó fi dé ilé?

Ìgbà kan wà tí ẹnikẹ́ni kò ní fi tòkunbọ̀ yọ wá lẹ́nu tó báyìí. Michelin ń ṣe táyà ní Port Harcourt, Dunlop ń ṣe tiwọn ní Ìkẹjà. Iná mànàmáná kò dúró, owó ibodè lórí táyà òkèèrè sì wálẹ̀, Michelin ti ilẹ̀kùn ní 2007, Dunlop dáwọ́ dúró ní 2008. Rọ́bà wà nínú igbó wa o, ilé ìwádìí rọ́bà wà ní Iyanomo lẹ́bàá Benin, ṣùgbọ́n a ń kó omi igi lọ, a ń ra táyà bọ̀. Bàbá Dunlop fúnra rẹ̀, dókítà ẹranko ni ní Belfast, ó fi afẹ́fẹ́ sínú rọ́bà torí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ọmọ rẹ̀, wọ́n sì fún un ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní 1888. Ìfẹ́ ọmọ ni. Ta ló fẹ́ràn tèmi?

Àwọn ọlọ́gbọ́n ìlú ní kí n kúkú gbé táyà lásán wọ̀ ọ́, kí n wá sípíà sí i. Ó dára. Níbo ni kí n gbé sípíà sí? Bọ́ọ̀tù kò gbà á. Àfi orí àga kejì. Mo fẹ̀sọ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ níwájú ìyàwó mi. Ó sọ ṣíbí sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá Bọ́lá, èmi ni kí n sọ̀ kalẹ̀ fún táyà?" Láti ọjọ́ yẹn, bí mo bá ní kó bu omi fún mi, ó ní kí n rán sípíà. Sípíà wo gan-an tilẹ̀ ni? Ti iwájú kò bá ti ẹ̀yìn dọ́gba, ṣé kí n gbé méjì ni, kí èmi náà máa fi ẹsẹ̀ rìn tẹ̀lé wọn? Wọ́n ní gọ́ọ̀mù olómi wà tí wọ́n ń fún sínú táyà. Gọ́ọ̀mù yẹn, ihò ìṣó kékeré níbi tí táyà ti ń tẹ ilẹ̀ ló ń dí. Òkúta tiwa kì í lu ihò, ẹ̀gbẹ́ ló ń ya.

Ẹ má gbàgbé àwọn tó ń dá ọkọ̀ dúró lójú ọ̀nà. "Bàbá, sípíà dà?" Mo ní ọkọ̀ yìí kì í lo sípíà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ṣàlàyé ẹ̀gbẹ́ líle, mo ṣàlàyé 80 kìlómítà, mo fa ìwé ọkọ̀ yọ, ìwé ọkọ̀ kò sọ Yorùbá, ọ̀kan nínú wọn ní kí n ṣí bọ́ọ̀tù, ó rí bátìrì, ó ní ta ló kó bátìrì pa mọ́ sí ẹ̀yìn, kí ni mò ń fi ṣe, èwo ni mò ń gbé lọ, lójú gbogbo èrò bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Kabba, tí ọmọ tí mo kọ́ ní ìṣirò sì yọrí lójú fèrèsé, tó ń juwọ́ sí mi!

Ó sú mi. Mo ta àgbàdo, mo ta iṣu tí mo fẹ́ fi ṣọdún, mo yá díẹ̀ kún un, mo fi owó tuntun mẹ́rin ránṣẹ́ sí Èkó. Awakọ̀ tó bá mi gbé wọn wá gba owó àga lórí wọn, ó ní wọ́n jókòó. Mo sáré lọ pàdé wọn ní gáréèjì Kabba, mo tẹ̀ síwájú wọn, mo wọ awò mi. Ọ̀kan: 225/40 R18. Ògo ni fún Olúwa. Èkejì: 225/40 R18. Ó pé, iwájú ti pé. Ẹ̀kẹta: 225. Mo yọ awò, mo nù ún, mo tún un wọ̀. Ẹ̀kẹrin: ti iwájú náà ni! Mo pe oníṣòwò, ohùn mi ń gbọ̀n. Ó ní, "Bàbá, ẹ ṣáà ní run-flat lẹ fẹ́."

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní 255/35 R18 méjì nílé, run-flat, tí nọ́ńbà ara wọn kò tíì lé ní ọdún mẹ́rin, mo ní ti iwájú méjì tí mo lè fi pààrọ̀. Ẹ bá mi ní Ògìdì. Ẹ má wulẹ̀ béèrè orúkọ mi, ẹ ṣáà ní kí wọ́n fi ọkọ̀ pupa tó dúró lórí búlọ́ọ̀kù hàn yín. Àmọ́ ẹ tètè wá o, torí àbúrò mi pè lánàá, ó ní kí n máa múra sílẹ̀, òun ti rí èkejì rẹ̀ rà fún ìyàwó mi.