Oríkì Búùtù Rà-Mí-Kí-O-Tún-Rà

Ẹ bá mi kí Búùtù, kí ẹ kí i dáadáa!
Kábíyèsí orí àtẹ,
Búùtù Rà-mí-kí-o-tún-rà,
Ọmọ Dán-gbinrin-má-dọ̀la.
A-fojú-jọ-awọ-má-jẹ́-awọ:
aṣọ ni baba rẹ, ike ni ìyá rẹ,
màlúù kan ò kú nítorí tìrẹ rí.
Ọmọ gọ́ọ̀mù tí kò mọ abẹ́rẹ́,
mo fi èékánná tọ òwú etí rẹ títí,
òwú ọ̀hún ò ṣí, òwú ọ̀hún ò já,
àṣé inú rọ́bà ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde!
Òwú tí kò rán nǹkan kan, mo kí ọ.

Ìwọ ni wọ́n gbé sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì,
tí ẹni tó ń tà ọ́ ń pariwo:
“Oríjínà ni o, ọ̀gá mi! Ítálì pọ́ńbélé!”
Ọ̀gá ní ó fún òun lẹ́sẹ̀.
“Ó máa fẹ̀, ọ̀gá mi, ẹ ṣáà máa wọ̀ ọ́.”
Irọ́ ńlá! Awọ gidi a máa fẹ̀ díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́,
bí ooru ẹsẹ̀ àti òógùn bá mú un rọ̀,
ṣùgbọ́n kò sí awọ tí í gùn sí i níwájú.
Bàtà tó bá ti ń fún ọmọ-ìka lọ́rùn níbi tí wọ́n ti ń tà á,
ọrùn náà ni yóò máa fún lọ.
Ìwọ tí o jẹ́ ike ńkọ́? Ìwọ ò fẹ̀, ìwọ ò rọ̀,
o kàn là ni.

Wọ́n dárúkọ Ítálì, ẹ jẹ́ á sọ ti Ítálì.
Lọ́dún 1935, ọ̀rẹ́ mẹ́fà ti Vitale Bramani, ọmọ Ítálì kan, kú lórí òkè Alps,
bàtà ẹsẹ̀ wọn ò tó kojú òtútù àti yìnyín.
Ọkùnrin náà ò jókòó sunkún lásán,
ó fi rọ́bà ṣe sóòlù eléyín tó ń di òkúta mú,
ó gba ìwé ẹ̀tọ́ lé e lórí lọ́dún 1937.
Vibram tí ẹ ń rí lábẹ́ búùtù dòní, orúkọ Vitale Bramani ni wọ́n gé pọ̀.
Ikú èèyàn mẹ́fà ló bí eyín yẹn,
ìwọ wá ya tìrẹ sábẹ́ fún ọ̀ṣọ́,
òjò Èkó rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, o gbé olówó rẹ ṣubú sínú ẹrẹ̀.

Mọ̀lẹ́bí rẹ kan wà tí mi ò ní gbàgbé kí,
Sóòlù Polyurethane, ike tí fífúyẹ́ rẹ̀ ò ṣeé fẹnu sọ.
Ọ̀rinrin àti ooru ní í jẹ ẹ́ láti inú,
bí a wọ̀ ọ́, bí a ò wọ̀ ọ́.
Ẹni tó ṣìkẹ́ rẹ̀ sínú páálí fún ọ̀pọ̀ ọdún,
ọjọ́ tó gbé e jáde ló rún wómúwómú lábẹ́ ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹsẹ̀ yín ni mọ́tò yín,
tí ẹ ń fẹsẹ̀ rìn láti Ọ̀ṣòdì dé Mushin kí owó ọkọ̀ lè di owó oúnjẹ,
ẹ̀yin ni mò ń tìtorí yín bú Búùtù.
Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ lọ ra bàtà, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀;
ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ máa wọ̀ síṣẹ́ ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n.
Ẹ ti gìgísẹ̀ sẹ́yìn pátápátá,
kí àyè àtàǹpàkò kan ṣẹ́ kù níwájú ọmọ-ìka tó gùn jù.
Ẹ tẹ bàtà náà wò: ibi tí ọmọ-ìka ti ń tẹ̀ ni kó ti tẹ̀,
èyí tó bá ṣẹ́ sí méjì láàárín, ẹ dá a padà sórí àtẹ.
Bí ẹ bá wá rí awọ tòótọ́, tí òwú gba inú sóòlù rẹ̀ kọjá,
ẹ má fi ìkánjú wọ̀ ọ́ rìn jìnnà.
Inú ilé ni kí ẹ ti kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ fúngbà díẹ̀, kí ẹ bọ́ ọ,
lọ́jọ́ kejì ẹ wọ̀ ọ́ dé ìkòríta, kí ẹ padà.
Bí gìgísẹ̀ bá ti ń pọ́n, ẹ lẹ bàǹdéèjì mọ́ ọn kó tó lé ròrò.
Ẹ má rẹ ẹ́ sómi, ẹ má sá a sóòrùn, awọ á gan, á sì là.
Bí òjò bá pa á, ẹ ki ìwé ìròyìn bọ inú rẹ̀, kí ẹ gbé e síbòòji,
ẹ fi pọ́líìṣì pa á lára bó bá gbẹ.
Sùúrù yìí ni awọ ń gbà, òun náà á sì mọ ẹsẹ̀ olówó rẹ̀.

Ìwọ Búùtù, ta ló fẹ́ ṣe sùúrù fún ọ?
Bàbá mégáàdì fi owó oṣù rà ọ́,
oṣù ò tíì parí tí o fi yanu.
Ó gbé ọ lọ bá aránbàtà tó ń kan àpótí rẹ̀ kiri,
ìyẹn yí ọ síwá, ó yí ọ sẹ́yìn,
ó ní: “Bàbá, kò síbi tí abẹ́rẹ́ á ti dì í mú.”
Bàbá fi okùn dì ọ́ mọ́ ẹsẹ̀ lọ síṣẹ́ alẹ́.
Ọba Alẹ́nu-gbàràgàdà, olè ni ọ́!
Dá owó bàbá padà.